Ẹja onígi tí mo gbẹ́ ń dojú ikùn sókè nínú omi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ọ̀fà ní Kúbwà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe ní Àbújá níbí. Tó bá di Sátidé, mo máa ń gbé ọ̀pá ìwọ̀ mi lọ sétí omi, bí kì í bá ṣe Jábì, a jẹ́ pé èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti wakọ̀ lọ sí odò Gúrárá nìyẹn. Ekòló ni mò ń lò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, ekòló ti di góòlù. Mo gbẹ́lẹ̀ ẹ̀yìnkùlé títí ìyàwó mi fi bi mí pé ṣé kànga ni mo fẹ́ gbẹ́ ni.

Ni mo bá ní kí n ṣe ìjẹ ẹ̀tàn fúnra mi, ìyẹn ẹja onígi tí wọ́n ń so ìwọ̀ mọ́, tí a ó máa fà nínú omi kí ẹja ńlá lè rò pé oúnjẹ ni. Èyí tí wọ́n ń tà wọ́n, tó bá sì há mọ́ gbòǹgbò lábẹ́ omi pẹ́nrẹ́n, owó ti wọmi. Mo gba àjákù igi apá lọ́wọ́ oníṣẹ́ àga kan ní Kúgbò. Mo gbẹ́ ẹ ní ínǹṣì 3 àbọ̀, mo fi sáńdípépà dán an, mo kùn ún: ẹ̀yìn dúdú, ikùn funfun, ojú pupa. Mo fi ìṣó elójú ihò so ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta kan sí ikùn, mo so ọ̀kan sí ìrù. Kódà ìyàwó mi ní ó rẹwà, ẹni tí kì í yìn mí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo jù ú somi, ó dojú ikùn sókè bí ẹja tó ti kú lánàá. Mo fà á, ó ń pòòyì, okùn mi lọ́ pọ̀ bí irun dàda. Wákàtí 3 gbáko, ẹja kankan ò yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ló há, mo ká sòkòtò, mo wọdò lọ yọ ọ́.

Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? Mo sì ní bátìrì ọkọ̀ kan tó ti kú nílé, ṣé mo lè yọ òjé inú rẹ̀, kí n yọ́ ọ lórí sítóòfù, kí n fi mú ikùn rẹ̀ wúwo?

Àkànbí Mararaba

Ẹja yà sọ́dọ̀ rẹ̀ o. Wọ́n ní "òkú ará wa rèé," wọ́n kẹ́dùn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Dẹ́idẹ́i

Igi lẹ ti kọ́kọ́ mú ṣì, ọ̀gá mi. Apá dáa fún ilẹ̀kùn àti tábìlì tí ọmọ ọmọ yín máa jogún. Fún iṣẹ́ yìí, ó wúwo jù. Ẹ lọ bá àwọn oníplánkì, ẹ bèèrè àjákù arère. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: ara rẹ̀ funfun ràndánràndán, ó fúyẹ́, èékánná lásán lè tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí ẹ ò bá rí arère, ahùn náà ń ṣe é.

Ìdí tó fi dojú dé nìyí. Ohun tó bá máa dúró ṣánṣán nínú omi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo, kí òkè rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ bu iyanrìn díẹ̀ sínú ìgò oníke, ẹ dé e, ẹ jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Bí ẹ tì í ṣubú nígbà ogún, yóò dìde nígbà ogún. Igi tiyín wúwo káàkiri, kò mọ èwo ni ikùn, kò mọ èwo ni ẹ̀yìn. Ọ̀dà funfun tí ẹ kùn síkùn, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, omi ò mọ̀ ọ́n.

Tí ẹ bá ti gbẹ́ arère náà tán, ẹ fi ayùn kékeré la ikùn rẹ̀ láti imú dé ìrù, kó jìn dé nǹkan bí ìdajì. Wáyà irin tí kì í dípata, ẹyọ kan ṣoṣo, ni kí ẹ tẹ́ sínú ojú ayùn yẹn. Ẹ fi púláyà ká orí rẹ̀ ní imú àti ní ìrù kó ní ihò, kí ẹ tún ká ọ̀kan sábẹ́ ikùn. Ìṣó elójú ihò tí ẹ tẹ̀ mọ́ apá yẹn kò ní dúró lára arère, igi náà rọ̀ jù, ẹja tó bá lágbára máa fà á yọ. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá la inú já, kódà bí igi bá fọ́ mọ́ ẹja lẹ́nu, ìwọ̀ yín ṣì wà lọ́wọ́ okùn.

Ẹ máa tètè lẹ irin tó máa mú ikùn wúwo mọ́ inú rẹ̀ o! Ibi tí èmi pàápàá ti bà á jẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é nìyẹn. Ẹ so ìwọ̀ mọ́ ọn ná, torí ìwọ̀ náà wúwo. Ẹ wá fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó so irin mọ́ ikùn rẹ̀ lóde, ẹ gbé e sínú báàfù, kí ẹ máa fi kún, kí ẹ máa yọ kúrò, kí ẹ máa sún un síwájú sẹ́yìn, títí yóò fi léfòó ní ìdúró tí ẹ fẹ́. Ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀, kí ẹ tó gbẹ́ ihò irin.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kúbwà

"Ẹ máa tètè" àbí "ẹ má tètè," ẹ̀gbọ́n?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Dẹ́idẹ́i

Ẹ MÁ tètè. Fóònù yìí ló ń bá mi jà.

Nọ́ọ̀sì Mínà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ́ òjé kankan nínú ilé tí ọmọdé wà. Ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010. Àwọn tó ń wa góòlù ń lọ òkúta tó ní òjé nínú láàárín agbo ilé, eruku rẹ̀ bà sílẹ̀ tí ọmọ ń rá lé lórí, ó sì lé ní irínwó ọmọdé tó kú. Òjé kì í rùn, kì í ta ni, ọpọlọ ọmọ ló ń bà jẹ́. Ti inú bátìrì tún burú sí i, torí ásíìdì wà níbẹ̀. Ẹ bá àwọn wẹ́dà tọrọ àjákù bóòtù, ó tó.

Ẹ ní ẹ ká sòkòtò wọdò. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, ara lásán ló ń gbà wọlé. Bí ìtọ̀ yín bá pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má lọ ra àgbo, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Igi ínǹṣì 3 àbọ̀ ò tó nǹkan tí a ń wọdò tìtorí rẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Dẹ́idẹ́i

Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Kí ẹ kàn rántí pé irin fúyẹ́ ju òjé lọ. Ibi tí òjé máa gbà tó ẹ̀wà méjì, irin máa gbà tó mẹ́ta. Ẹ gbẹ́ ihò yẹn tóbi díẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja Gwagwálàdà

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ igi, ẹnìkan ò bi í léèrè pé ẹja wo ló fẹ́ tàn. Ẹja ni mò ń tà, bí mo bá la ikùn rẹ̀ ni mo máa ń mọ ohun tó jẹ.

Ẹpìyà ló pọ̀ ní adágún wọ̀nyí. Ewéko omi àti ìdọ̀tí tútù tó ń hù lára òkúta ló sábà máa ń jẹ. Kí ló fẹ́ fi ẹja onígi tó gùn tó ẹnu rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta ṣe? Fún un ní ekòló àbí ẹ̀bà kékeré, yóò bá ọ ṣeré. Àrọ̀ ní tirẹ̀, irùngbọ̀n ló fi ń wá oúnjẹ, òru ló sì fẹ́ràn. Nǹkan tó ń rùn ló ń fà á, igi kì í rùn.

Gíwan ruwa ni kí o wá, ẹni tí àwọn Hausa pè ní erin omi. Òun ló ń lé ẹja kéékèèké káàkiri. Gbogbo ìgbà tí mo bá la ti Káínjì, ẹja wẹ́wẹ́ ló ń bọ́ sílẹ̀ níkùn rẹ̀, òmíràn ò ju ìka mi yìí lọ. Nítorí náà, ọmọ mi, gbẹ́ tìrẹ kéré sí i. Ínǹṣì 2 àbọ̀ ti tó.

Kébbì Boy (ọmọ Ìkirè ni mí o)

Ní Argungu lọ́dọ̀ wa níbí, tó bá di ọjọ́ ọdún ẹja tí wọ́n ti ń ṣe láti 1934, kò sí ìwọ̀, kò sí igi. Àwọ̀n ọwọ́ àti igbá ni, o bẹ́ somi pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ẹ̀yin Àbújá ẹ máa kun ojú ẹja ní pupa.

Bàbá Jẹ́bà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, kó má fi igi bẹ̀rẹ̀. Ṣíbí ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn òyìnbó gan-an, ṣíbí ló ṣáájú lọ́dọ̀ tiwọn. Julio Buel, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀ lọ́dún 1852. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó ń jẹun nínú ọkọ̀ ojú omi, ṣíbí bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, bó ti ń rì tó ń kọ mànà, ẹja ńlá kan yọ, ó gbé e mì. Bóyá òótọ́ ni, bóyá ọ̀rọ̀ apẹja ni. Ẹ sì mọ̀ wá.

Àbúrò, mú ṣíbí irin tó ti gbó, fi ayùn irin gé ọwọ́ rẹ̀ dànù. Lu ihò kan sí orí, ìkejì sí ìdí. Irin yẹn le: fi ìṣó kọ́kọ́ lu ojú ibẹ̀ kí dìrílì má baà máa yọ̀, kán òróró díẹ̀ sí i, rọra lù ú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé nìyí o: fi fáìlì ha etí ihò náà yípo títí tí o bá fi ìka rà á tí kò ní họ ọ́. Etí ihò tó mú bí abẹ ló ń já òrùka àti okùn, a ó sì máa bú ẹja. Yọ òrùka lára kí-hólúdà, fi ọ̀kan kọ́ ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta sí ìdí, fi ọ̀kan sí orí. Síwájú orí, fi irin kékeré tó máa ń yí lórí ara rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní swivel, kí okùn rẹ má lọ́ mọ́. O ò kun nǹkan kan. Bó ṣe tẹ̀ kòdòrò yẹn ló ń mú un jó lápá ọ̀tún, lápá òsì, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

Bó o bá wá sọ́dọ̀ wa lójú Ọya, fi wáyà tín-ínrín tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan ṣáájú ìjẹ. Ẹja kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní tiger fish. Eyín rẹ̀ ta síta bíi ti ajá, okùn lásán kò ju sùpàgẹ́tì lọ lẹ́nu rẹ̀. Ìjẹ 4 ló gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, kò sì dúró kí n rí ojú òun.

Àkànbí Mararaba

Bàbá, kí lẹ rí sí ọ̀rọ̀ àwọ̀? Èmi gbà pé àwọ̀ ló ń pa ẹja.

Bàbá Jẹ́bà

Àwọ̀ ń pa apẹja lọ́jà ju ẹja lọ. Tí omi bá mọ́ nígbà ọyẹ́, àwọ̀ fàdákà dáa. Tí òjò bá ti sọ odò di ọbẹ̀ gbẹ̀gìrì, lo èyí tó dúdú àbí tó pupa kó hàn. Ó parí. Bó ṣe ń rìn ló ṣe pàtàkì. Lauri Rapala, ará Fínlándì, jókòó lórí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wo bí àwọn ẹja ńlá ṣe ń wọ àárín ẹja wẹ́wẹ́. Ó rí i pé ọ̀kan tó ń ta gẹ́ẹ́rẹ́gẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó fara pa ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé. Lọ́dún 1936 ló fi ọ̀bẹ oníbàtà gbẹ́ tirẹ̀ lára kọ́ọ̀kì, ó fi bébà dídán tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì bò ó, ó yọ́ fíìmù fọ́tò kùn ún kí omi má baà wọ̀ ọ́. Nǹkan tó wà nílé rẹ̀ ló lò.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Dẹ́idẹ́i

Bàbá ti rán mi létí ahọ́n ẹja onígi, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tó ń yọ síta lábẹ́ ẹnu rẹ̀. Ahọ́n tó wà lábẹ́ àgbọ̀n ló ń mú igi rìn bí ẹni tó fara pa. Ẹ gé e lára CD àtijọ́. Ẹ rẹ CD sínú omi gbígbóná ná kí ẹ tó fi sísọ́ọ̀sì gé e, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ má lo DVD, torí ìpele méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, ó lè là. Bí ahọ́n bá nà síwájú ní ìbámu pẹ̀lú ara ẹja, yóò wọ ìsàlẹ̀ omi lọ. Bó bá dojú kọ ilẹ̀, òkè omi ni yóò ti máa gbọ̀n. Ẹ fi súpà gúlù rin igi yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kùn ún, torí arère ń mu omi bí kànìnkànìn.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kúbwà

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Bátìrì ti lọ bá àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo gbẹ́ arère 2, ínǹṣì 2 àbọ̀. Àjákù bóòtù ni mo fi sínú ikùn. Báàfù tí a fi ń wẹ ọmọ ni mo fi dán an wò, ọmọ náà sì kọ̀ láti jáde kúrò níbẹ̀, ó ní ẹja òun ni. Èkíní dúró ṣánṣán. Nígbà tí mo fà á, ó ń ya sósì ṣáá. Mo fi púláyà tẹ ihò imú rẹ̀ díẹ̀ báyìí sọ́tùn-ún, kò ju nínípọn èékánná lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tààrà. Inú mi dùn, mo pe ìyàwó mi wá wò ó lákòókò tó ń dín dòdò. Èkejì là láàárín ibi tí ayùn gbà, mo tẹ̀ ẹ́ jù.

Sátidé, mo gbé ẹyọ kan tó kù lọ sí Gúrárá pẹ̀lú ṣíbí kan. Ṣíbí há lẹ́ẹ̀kan, mo gé okùn, mi ò wọdò. Nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nǹkan kan gbá igi mi lábẹ́ àpáta, ọ̀pá tẹ̀, ó sì bọ́. Nígbà tí mo fà á jáde, ọ̀dà ti ṣí ní ojú mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tò bí ẹni fi ìṣó gún un.

Ìyá Ẹlẹ́ja Gwagwálàdà

Pọ́n ìwọ̀ rẹ. Òkú ìwọ̀ ló jẹ́ kó bọ́.

Bàbá Jẹ́bà

Kí o sì má tún un kùn o, àbúrò. Gbé e bọ̀ wá bẹ́ẹ̀ tí omi bá fà, mo fẹ́ fi ojú mi wo eyín yẹn.