Ọjọ́ tí ọmọdé gé òwe mi sí méjì

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fà yìí, pé ṣé olórin tó ń dá àrà tuntun ṣì kù láyé ìsinsìnyí, ó ṣojú mi. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí l'Ọ́yọ̀ọ́. Gángan ni mò ń lù, òde ìnáwó ni mo ti ń jẹun. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá bi mí, mo máa ní orin ti parí lọ́jọ́ tí Àyìndé Barrister jáde láyé ní 2010. Ariwo ló kù.

Ní ìparí 2021, ọmọkùnrin kan pè mí sí situdíò l'Ágége. Yàrá tóóró, fóòmù dúdú lára ògiri. Ó ní ká pa fáànù kí ohùn rẹ̀ má baà wọlé, ni òógùn bá bò mí. Mo ní olórin dà? Kò sí. Omele dà? Kò sí. Ó fi hẹ́dífóònù sí mi létí, nǹkan kan ń dún kó-kó-kó nínú rẹ̀, ó ní kí n máa tẹ̀lé e. Onílù tó mọṣẹ́, ojú ẹni tó ń lù fún ló ń wò. Ta ni kí n kì, ògiri? Mo bá lu òwe: "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ọmọ yìí fa "orí ọmọ tuntun wọ́" yọ, ó sọ ìyókù nù! Ó ń dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin-lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó fi log drum, ìró ìlù orí kọ̀ǹpútà tó ń dún nísàlẹ̀ orin amapiano àwọn ará Gúúsù Áfíríkà, sábẹ́ rẹ̀. Mo ní, "O gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu." Ó ní, "Ẹ má bínú bàbá, ẹ gbọ́ ọ tán ná." Mo gbọ́ ọ tán. Gángan ń bi log drum, log drum ń fèsì nísàlẹ̀. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, ẹnu mi sì wọ́hò.

Bàbá mi ni mo ń rò délé. Haruna Ishola, olórin àpàlà, ni tiwọn. Nígbà tí fújì dé, wọ́n ní wéré táwọn ọmọdé fi ń jí èèyàn ṣe sààrì ni wọ́n wá ń tà fún wa. Wọn ò kúkú parọ́, ibẹ̀ ló ti wá. I.K. Dairo gbé àkọ́díọ̀nù wọ jùjú, Sunny Adé gbé gìtá pedal steel àwọn olórin kántírì Amẹ́ríkà wọ̀ ọ́, a sì jó o. Nígbà tí Asake gbé Mr. Money with the Vibe jáde ní 2022, tí ègbè rẹ̀ ń hó bí ogunlọ́gọ̀ lórí log drum, fújì ni mo gbọ́ níbẹ̀.

Ohun tó ṣì ń dùn mí ni pé kí onílù tó mí, orin ti tán. Odidi ojú àwo kan ni Barrister máa ń fi kọrin láìdúró.

*

Bàbá, ẹ ṣeun. Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lèmi ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó yọ hẹ́dífóònù rẹ̀, ó fi sí mi létí, ó ní, "Mọ́mì, kí ni ìlù yìí ń sọ?" A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá fi ránṣẹ́, ṣé ẹ máa bá wa túmọ̀ rẹ̀?