Ìtàn mi ti padà sílé lẹ́ẹ̀mẹfà: kí n tún un kọ ni, àbí kí n máa fi ránṣẹ́ lọ?

Gègé_Tuntun

Ẹ̀yin àgbà òǹkọ̀wé, mo kí yín o. Ìtàn kúkúrú kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ 4,200. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, mo sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ibi méje ló ti lọ. Márùn-ún fi lẹ́tà onígbólóhùn méjì dá a padà. Olóòtú kan kọ̀wé pé òun fẹ́ràn ohùn ìtàn náà, pé ìparí rẹ̀ ni kò tẹ́ òun lọ́rùn, kí n fi òmíràn ránṣẹ́. Ìkeje kò fèsì rárá, ó di oṣù mẹ́jọ. Ṣé kí n tún un kọ kó tó tún jáde, àbí ibi tí mo ń fi ránṣẹ́ sí ni kò bá a mu? Báwo lèèyàn sì ṣe ń ṣe é tí ọkàn ò fi ní rẹ̀, tí iṣẹ́ tuntun ò fi ní dúró?

Bàbá_Kálàmù

Ẹ kú ìrójú. Ẹ jẹ́ ká ya ibi méjèèje yẹn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Lẹ́tà márùn-ún onígbólóhùn méjì yẹn, ẹ má wá ìtumọ̀ kankan nínú wọn. Òun náà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò wọlé. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gba ìtàn tó jọ tiyín; ó lè jẹ́ pé àyè ọ̀rọ̀ 3,000 péré ló kù nínú àtẹ̀jáde yẹn; ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ kà á kò kọjá ojú ìwé kejì. Lẹ́tà náà kò ní sọ èyí tó jẹ́. Ẹni tó bá ń tún ìtàn kọ nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, aṣọ tí télọ̀ márùn-ún gé ni yóò kù sí i lọ́wọ́.

Èyí tó sọ̀rọ̀ ìparí ni iyebíye. Olóòtú tí iṣẹ́ kún iwájú rẹ̀ kò ráyè ṣe ojú ayé. Bó bá ní kí ẹ fi òmíràn ránṣẹ́, bó ṣe fẹ́ ẹ náà nìyẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rèé: wọ́n á tún ìtàn kan náà ṣe, wọ́n á tún gbé e lọ bá a. Kò bèèrè ìyẹn. Ìtàn mìíràn ni kí ẹ fi ránṣẹ́, láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, kó tó gbàgbé orúkọ yín. Kí gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà yín rán an létí ohun tó kọ sí yín. Ẹ má bá a jiyàn lórí ìparí àtijọ́.

Ní ti ẹni tó dákẹ́, ẹ lọ wo ìlànà wọn. Bí wọ́n bá ní 90 ọjọ́, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì lé e, kí ẹ kọ ìlà mẹ́ta: àkọlé ìtàn, ọjọ́ tí ẹ fi í ránṣẹ́, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ wọn? Bí oṣù kan bá tún kọjá láìsí èsì, ẹ kọ̀wé pé ẹ ti gbà á padà, kí ẹ sì mú un lọ síbòmíràn. Oṣù mẹ́jọ ti pọ̀ jù.

Ìparí náà wàyí. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ fi ìtàn náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ ka ojú ìwé mẹ́ta tó gbẹ̀yìn sókè. Ibi tí ohùn yín bá ti ń kánjú, ẹ fi bírò sàmì sí i. Àléébù méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ìtàn á ti parí tán, òǹkọ̀wé á ṣì máa ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí; ẹ gé ìpínrọ̀ ìkẹyìn, kí ẹ wò ó bóyá ohunkóhun sọnù. Ìkejì, ohun tó tú ìdí ọ̀rọ̀ náà á já lu òǹkàwé lójijì, láìjẹ́ pé ó ti rí i tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ìkejì yìí, ìparí kọ́ ni ẹ ó tún ṣe. Ìdajì àkọ́kọ́ ni ẹ ó padà sí, kí nǹkan náà ti fara hàn níbẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì kó tó ṣiṣẹ́.

Bí ẹlòmíràn bá tún sọ ohun kan náà láìgbọ́ ti ẹni àkọ́kọ́, ẹ tún un ṣe láìjanpata.

Ìyá_Àkọtọ́

Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ. Ẹ̀dà Yorùbá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ó ní ohun tó ń dá a padà tí kò kan ìtàn rárá.

Àkọtọ́ ni àkọ́kọ́. Láti 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò. Iṣẹ́ tó bá ṣì ń kọ "aiye", "enia" àti "nwọn" dípò "ayé", "ènìyàn" àti "wọ́n", olóòtú ti mọ̀ láti ojú ìwé kìíní pé iṣẹ́ àtúnṣe pọ̀ níbẹ̀. Àmì ohùn náà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kọ pé "o gbe oko re ko ejika" láìfàmì sí i, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọkọ́ ni àbí ọkọ?

Ìkejì, kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń to àmì lé lẹ́tà lórí ni. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ̀ ọ́n tò, àmì á sún lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kó di àpótí òfìfo. Ẹ lo Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif. Ẹ fi Word àti PDF ránṣẹ́ pọ̀ bí ìlànà wọn bá gbà bẹ́ẹ̀, torí PDF máa ń gbé fọ́ǹtì dání. Kẹ́ ẹ tó fi í ránṣẹ́, ẹ ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn. Ẹ sá fún àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ tó ń fi àmì mìíràn pa mọ́ sábẹ́ ẹ àti ọ. Wọ́n á di àmì tí kò nítumọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Ibi tó ń gba Yorùbá kò pọ̀. Àtẹ́lẹwọ́, ẹgbẹ́ tó ń tẹ iṣẹ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá jáde, jẹ́ ọ̀kan, ẹ máa wo ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì yín sì bọ́ sí ìwọ̀n ìdíje ìtàn kúkúrú Commonwealth Short Story Prize: ọ̀rọ̀ 2,000 sí 5,000, wọn kì í gba owó ìwọlé, wọ́n sì ń gba ìtàn tí a túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ kò gbọdọ̀ tíì jáde níbikíbi. Bí ẹ bá ti gbé e sórí Facebook láti tu ara yín nínú, ọ̀pọ̀ ibi ló máa kà á sí ohun tó ti jáde. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Onítábìlì

Ní ti ọkàn tó ń rẹ̀, ètò ló ń ràn án lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ ìtùnú lọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà níta ló ń mú kí èsì kan wúwo. Ẹ sapá kí mẹ́ta ó kéré tán máa wà níta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ya tábìlì kan: àkọlé, ibi tó lọ, ọjọ́ tó lọ, ọjọ́ tó yẹ kí ẹ bèèrè, èsì, ohun tí wọ́n sọ gan-an, ibi tó kàn. Òpó ìkẹyìn yẹn ni iṣẹ́ wà. Kí ìtàn tó jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ti kọ ibi mẹ́wàá tó bá a mu sílẹ̀ ní ìtòtẹ̀léra. Bó bá padà lọ́jọ́ Ajé, kó ti jáde kí Ọjọ́rú tó dé. Bí ibi méjì bá gbà kí iṣẹ́ wà níbòmíràn lákòókò kan náà, ẹ fi sí méjèèjì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá gbà á ni kí ẹ sọ fún èkejì.

Ẹ kọ̀wé láàárọ̀ kí ẹ tó ṣí ímeèlì. Èsì tó bá bá yín nígbà tí ojú ìwé kan ti wà nílẹ̀, kò lè gba iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ́wọ́ yín.

Pé ibi kan kò tẹ̀ ẹ́ kò túmọ̀ sí pé kò dára. Lutterworth Press, ilé ìtẹ̀wé àwọn ẹlẹ́sìn Kristẹni ní Lọ́ńdọ̀nù, ni Amos Tutùọlá fi ìwé rẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde ránṣẹ́ sí. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀. Wọ́n fi lé ilé ìtẹ̀wé mìíràn, Faber and Faber, lọ́wọ́, àwọn yẹn sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952.

Gègé_Tuntun

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ó ku ẹyọ kan: ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní atẹ̀wé ní òun á gbà á lọ́jọ́ náà gan-an, kí n ṣáà san owó. Ṣé kí n gbà?

Onítábìlì

Rárá, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ yín kò yan ìtàn yín. Ọjà ló tà fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ fowó ara yín tẹ̀wé, kò sí ìtìjú níbẹ̀, àmọ́ ẹ bèèrè mẹ́rin kó tó gba kọ́bọ̀: ta ló ni ẹ̀tọ́ ìwé náà, ẹ̀dà mélòó ni, ta ni olóòtú tó máa kà á, lórí orúkọ ta sì ni ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé) máa wà? Ilé-ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà ló ń fúnni ní ISBN. Ẹ lè lọ gbà á fúnra yín. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn. Ìtàn ọ̀rọ̀ 4,200 kò tíì tó ìwé kan, ẹ ṣì ní bí ìtàn mẹ́sàn-án láti kọ. Ẹ jẹ́ kí èyí padà síta lọ́sẹ̀ yìí.