Àwọn ìyá ọjà kò fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ìwádìí mi lórí obìnrin àti òṣèlú: kí ni kí n ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òṣèlú:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọdún àṣekágbá ni mo wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ òṣèlú níbí ní Mainland. Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí ìdí tí àwọn obìnrin ọjà Ìdúmọ̀tà àti Balógun, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ìbò l'Ékòó kò gbọdọ̀ ṣàì kí, kì í fi í du ipò fúnra wọn. Obìnrin márùn-ún ló ti ṣe igbákejì gómìnà ní ìpínlẹ̀ yìí, láti orí Sinatu Ojikutu tó gorí àlééfà ní 1992 dé orí Olúrántí Adébùlé tó parí tirẹ̀ ní 2019, síbẹ̀ obìnrin kankan kò tíì jẹ gómìnà. Mo fẹ́ mọ ojú tí àwọn ìyá wọ̀nyí fi ń wo ọ̀rọ̀ náà: ṣé ti takọtabo ni wọ́n kà á sí, àbí ti owó, ti ẹ̀sìn, tàbí ti ẹni tó jẹ́ ọmọ Èkó àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ Èkó?

Ibi tí mo há sí rèé. Yunifásítì ní kí ẹnikẹ́ni tí mo bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé pé òun gbà láti dá mi lóhùn. Ojú ewé méjì gbáko ni ìwé ọ̀hún, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Bí mo bá ti yọ ọ́ jáde báyìí, ojú gbogbo wọn á yí padà. Ìyá kan tó ń ta léèsì, tí a ti jọ ń ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbà á lọ́wọ́ mi, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó tún yẹ iwájú wò, ó wá bi mí pé níbo ni wọ́n kọ iye tí òun máa san sí. Nígbà tí mo ní kò sí owó kankan níbẹ̀, ó dá a padà, ó ní kí n gbé e lọ fún ẹni tó rán mi.

Ìyálọ́jà ti fún mi láyè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n dandan ni kí akọ̀wé wọn jókòó tì wá níbikíbi tí mo bá ti ń béèrè ọ̀rọ̀, ìdáhùn kan náà ni gbogbo ènìyàn sì ń fún mi. Èyí tó wá burú jù ni pé olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fẹ́ kí n pín ìwé ìbéèrè 200, kí n sì béèrè ẹ̀yà ẹni àti ẹgbẹ́ òṣèlú tó dìbò fún ní 2023 lójú ewé kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó nígbà ìdìbò gómìnà ọdún náà mọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ṣe gbóná tó. Ẹ jọ̀wọ́, ọgbọ́n wo ni kí n dá?

Olùkọ́ Àgbà:

Ọmọ mi, ìbéèrè tí ìyá aláṣọ yẹn béèrè mọ́gbọ́n dání. Ohun tí ìlànà ìwádìí ń fẹ́ ni pé kí ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ mọ ẹni tí o jẹ́, kí ó mọ ohun tí o fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, kí ó mọ̀ pé òun lè kọ̀ nígbàkigbà, kí ó sì gbà tọkàntọkàn. Ìfọwọ́síwèé jẹ́ ọ̀nà kan láti fi hàn pé ó gbà, kì í ṣe òun nìkan ló wà. Níbi tí ìwé bá ti ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ní yunifásítì lè gbà kí o ka ọ̀rọ̀ náà sí wọn létí ní Yorùbá, kí wọ́n sì fẹnu gbà, yálà lójú ẹlẹ́rìí tàbí sórí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ṣùgbọ́n má dá a ṣe o. Kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ náà, ṣàlàyé ohun tí ojú rẹ rí lọ́jà, kí o sì so Yorùbá tí o máa kà mọ́ ọn. Kò gbọdọ̀ sí orúkọ ìyá kankan tàbí nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ.

Ní ti ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n dìbò fún, bó bá ṣe tèmi ni, n kò ní fi síbẹ̀ rárá. Bònkẹ́lẹ́ ni ìbò, ìdáhùn tí wọ́n bá sì fún ọ lójú akọ̀wé kò ṣeé gbára lé. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí: ìgbà tí wọ́n ti ọjà kẹ́yìn nítorí ìpolongo ìbò, ta ló pàṣẹ, ta ló sanwó ańkárá tí wọ́n wọ̀, ta ni wọ́n gbé gbohùngbohùn fún nígbà tí wọ́n débẹ̀? Obìnrin tó kó igba ènìyàn jáde tí wọn kò sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ á sọ ọ̀rọ̀ takọtabo fún ọ láìjẹ́ pé o dárúkọ rẹ̀.

Ọmọ Ẹrẹ́kò:

Ẹ̀rù ìwé tí ẹ rí yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1940, ìjọba òyìnbó ṣòfin pé kí obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn obìnrin ọjà tú jáde lọ sí ọ́fíìsì kọmíṣọ́nà tó ń ṣàkóso Èkó. Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà, olórí ọjà Ẹrẹ́kò, ló ṣáájú wọn, kò sì pẹ́ tí ìjọba fi sún iye náà sókè sí £200, tí ọ̀pọ̀ ìyá ọjà fi bọ́. Ẹ rántí pé òfin 1922 tó kọ́kọ́ jẹ́ kí Èkó dìbò yan ènìyàn sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún ló fún láyè láti dìbò. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ìbò kankan.

Ìdí nìyí tí àkòrí yín kò fi tẹ́ mi lọ́rùn tó. Ẹ ń béèrè ìdí tí wọn kì í fi í du ipò, bí ẹni pé ìgbà tí ènìyàn bá du ipò nìkan ló wọnú òṣèlú. Mùsùlùmí tí kò kàwé ni Pẹlẹ́wùrà, síbẹ̀ òpómúléró ló jẹ́ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP tí Herbert Macaulay dá sílẹ̀ ní 1923. Ní 1944, Oyínkán Àbáyọ̀mí àti àwọn obìnrin tó kàwé dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń jà fún ìbò obìnrin àti ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin. Obìnrin Èkó ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ẹ̀sìn, ìwé kíkà àti irú iṣẹ́ ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ orí kan lórí ìdánimọ̀, òun rèé. Ìbàdàn ni ẹ máa lọ o: àwọn fáìlì ọ́fíìsì kọmíṣọ́nà wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba níbẹ̀, àwọn ìwé Macaulay sì wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní yunifásítì.

Ará Ṣùúrùlérè:

Ìtàn dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó bo tòní mọ́lẹ̀. Oyè ọjà náà jẹ́ òṣèlú fúnra rẹ̀. Àbíbátù Mọ́gàjí ni Ìyálọ́jà fún ọdún pípẹ́, ọmọ wọn ṣe gómìnà, nígbà tí wọ́n sì papò dà ní 2013, ọmọ ọmọ wọn ló jẹ oyè náà. N kò bú ẹnikẹ́ni o, ohun tí gbogbo Èkó mọ̀ ni mo sọ. Obìnrin lè lágbára lórí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ má sì lè la ẹnu. Akọ̀wé tó ń jókòó tì yín yẹn wà lára ohun tí ẹ ń wádìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Òyìngbò:

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí ní Òyìngbò. Ẹ má bá akọ̀wé jà, nítorí bí Ìyálọ́jà bá gba àyè tí wọ́n fún yín padà, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó fún ìwọ̀nba díẹ̀, kí ẹ wá béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá náà níkọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n lè rí yín nílé, tàbí lẹ́yìn àsáláátù ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù fún ìmọ́tótó náà dára, torí wọ́n á kàn jókòó síta ni, kò sí oníbàárà.

Wọ́n á bi yín bóyá ẹ ti lọ́kọ, ọmọ ibo ni yín, ta ni ìyá yín. Ẹ dá wọn lóhùn dáadáa, ìwádìí tiwọn nìyẹn. Èmi jẹ́ ọkùnrin, ìbéèrè nípa ẹni tó ń dá owó ná nílé kò so èso fún mi rárá, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá mi lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òṣèlú:

Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Màá yí àkòrí náà padà sí bí wọ́n ṣe ń ṣe òṣèlú láìdu ipò, màá sì yọ ìbéèrè ẹgbẹ́ òṣèlú kúrò. Ìyókù ni ìwé ìbéèrè 200 tí olùkọ́ mi kò fẹ́ gbọ́ pé n kò ní pín. Mi ò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé mò ń sá fún iṣẹ́.

Olùkọ́ Àgbà:

Má lọ bá a pẹ̀lú àtakò lásán. Kọ́kọ́ bá ìyá bíi mẹ́ta sọ̀rọ̀ dáadáa lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ bá ti fọwọ́ sí i, tẹ ohun tí wọ́n sọ sínú kọ̀ǹpútà, kí o gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn tí o gbà lójú akọ̀wé. Bó bá rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ó gbà kí o bá ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ènìyàn sọ̀rọ̀ jinlẹ̀ dípò 200. Bí kò bá gbà, bẹ̀ ẹ́ kí ìwé ìbéèrè náà jẹ́ ojú ewé kan, ní Yorùbá, láìsí ẹ̀yà, kí ìwọ fúnra rẹ máa kà á kí o sì máa fàmì sí i fún wọn.

Ọmọ Ẹrẹ́kò:

Kí o sì ka ọ̀rọ̀ ìgbàláyè náà fún ìyá rẹ tàbí ìyá àgbà kan ládùúgbò kí o tó gbé e wọ ọjà. Ibikíbi tó bá ti dá ọ dúró pé "kí ló túmọ̀ sí," ibẹ̀ ni kí o tún kọ.