Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó ń kọ́ni nípa àyíká: kí lojú yín ti rí?

Àdùkẹ́Bódìjà
Ẹ kú ilé o. Ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé nípa ìtọ́jú àyíká ní kí n máa wá bá àwọn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, láìgbowó. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń gbin igi, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ láti ya ike sọ́tọ̀ kúrò lára pàǹtí yòókù, kí wọ́n sì fi èèpo iṣu àti ẹ̀fọ́ tó ti bàjẹ́ ṣe ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wù mí, àmọ́ ọkọ mi ní ayàfọ́tò ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti bá irú wọn ṣiṣẹ́, tàbí tí wọ́n ti wá sí àdúgbò ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tójú yín rí.

Lánre_Ọ̀ṣun
Ọkọ yín ò parọ́.

TíṣàÀgbà
Mi ò fẹ́ bà yín lọ́kàn jẹ́ o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ lágbègbè Ìjẹ̀bú, ẹgbẹ́ kan wá láti Èkó. Bọ́ọ̀sì ńlá, bánà, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé fún gbogbo ọmọ, bisikíìtì àti sóbò tútù. Kábíyèsí wá, alága káńsù wá, wọ́n sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi ká wa mọ́bẹ̀. Wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Màńgòrò àti mẹ̀línà ni wọ́n gbìn. Oṣù Kejì ọdún ni o! Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Wọ́n ya fọ́tò, ó di ilé. Èyí tí oòrùn ò pa níbẹ̀, ewúrẹ́ bá wa parí ẹ̀. Nígbà tó dọdún kejì, wọ́n tún dé. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú ihò kan náà ni wọ́n tún gbin òmíràn sí? Kò sẹ́ni tó béèrè ti èṣí. Màńgòrò kan ṣoṣo ló yè nínú gbogbo ẹ̀, èyí tó wà nítòsí ibi tí ìyá onírẹsì ń jókòó sí. Ibẹ̀ ló ń da omi tó fi fọ abọ́ sí lójoojúmọ́. Ìyá yẹn ò sì sí nínú fọ́tò kankan.

ỌmọOlúmọ
Ihò kan náà 😂😂😂 Mo kú o

Lánre_Ọ̀ṣun
Ihò yẹn ti di òṣìṣẹ́. Kí wọ́n máa sanwó oṣù fún un.

Kólápọ̀L
Tíṣà, ẹ má bínú o, sà. Ẹ̀yin olùkọ́ wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ta ló dí yín lọ́wọ́ láti bomi rin ín? Èébú NGO ti mọ́ wa lẹ́nu jù.

TíṣàÀgbà
Kólápọ̀ ọmọ mi, omi wo? Kànga iléèwé ti gbẹ kí ọdún tuntun tó wọlé. Àwọn ọmọ ló ń ru kẹ́ẹ̀gì láti ilé wá fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣé kí n gba omi ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí n lọ dà á sídìí màńgòrò tí ewúrẹ́ máa fi ṣe oúnjẹ alẹ́?

ỌmọOlúmọ
Tíṣà, ẹ ò ní pa wá 😂

Ṣọlá_Ewé
Mo ti bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Tíṣà, ẹ gbọ́ ìdí tó fi jẹ́ oṣù Kejì. Àwọn tó ń fún wa lówó, ìparí ọdún ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ rí ìròyìn iṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò kí oṣù Kẹta tó parí. Òjò ò bá wọn buwọ́ lu ìwé. Ohun mìíràn ni pé iye igi tá a gbìn ni fọ́ọ̀mù wọn ń béèrè, kò síbi tí wọ́n ti béèrè iye tó yè. Owó bánà wà níbẹ̀. Owó oúnjẹ àlejò wà níbẹ̀. Owó ẹni tó máa bomi rin igi ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ẹ wá a tì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ yẹn ló ń pa igi. Tó bá ti là á já, gbòǹgbò ẹ̀ á ti wọlẹ̀ dáadáa.

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ bi wọ́n pé oṣù wo ni wọ́n ń gbìn, kí ẹ sì bi wọ́n pé ta ló ń ṣọ́ ọ. Tó bá jẹ́ oṣù Karùn-ún, tí wọ́n sì pín igi fún ọmọ kọ̀ọ̀kan kí kálukú mọ tiẹ̀, ẹ bá wọn lọ.

ÌyáÌbejì
Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ewúrẹ́ o. Ewúrẹ́ tèmi ò lọ síléèwé.

Kólápọ̀L
Ìyá, ewúrẹ́ yín ló yẹ kó wà lórí ìso, mà.

ÌyáÌbejì
Kí n so ó, kí ìwọ máa wá já ewé fún un?

ÀgbàÌbàdàn
Láyé ìgbà tiwa, wolé-wolé ni ì bá mú ewúrẹ́ yẹn. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò mọ wolé-wolé. Ọkùnrin náà á wọlé láàárọ̀, á lọ ṣíjú wo inú àmù omi. Tó bá rí tanwíjí níbẹ̀, ó di kọ́ọ̀tù. Kò sẹ́ni tó ń fi bisikíìtì bẹ̀ wá. Nígbà tí ogun tí ìjọba ológun Bùhárí àti Ìdíàgbọn gbé ti ìwà àìgbọràn dé ní 1984, ẹni tó da pàǹtí sójú àgbàrá mọ ohun tó ń dúró dè é. Àwa tá a rí ìgbà tí odò Ògùnpa kún n'Íbàdàn ní 1980, a ò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ wa ní àyíká. Òkú ni omi kó lọ lọ́jọ́ yẹn, àti mọ́tò, àti ilé. Ìdọ̀tí tí wọ́n dà sínú odò àti ilé tí wọ́n kọ́ sétí ẹ̀ ló fà á.

Ṣọlá_Ewé
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Ìbéèrè mi rèé: tí ẹ̀rù bá kọ́ yín tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Ìbàdàn tún fi kún fún omi ní 2011? Wolé-wolé lọ tán, ìwà náà bá a lọ.

ÀgbàÌbàdàn
Torí pé wọ́n lé wolé-wolé lọ ni.

Kólápọ̀L
Kẹ́ ẹ wo Èkó náà. Sànítéṣọ̀n ọjọ́ Sátidé ìparí oṣù, ilé ẹjọ́ ní wọn ò lè torí ẹ̀ sé èèyàn mọ́lé fún wákàtí mẹ́ta, ìjọba sì fòpin sí i ní 2016. Mo gbà pẹ̀lú ilé ẹjọ́. Ọlọ́pàá ló kúkú ń fi wákàtí mẹ́ta yẹn ṣọdún.

Ẹ̀bùnAjégúnlẹ̀
Ẹ ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Àdùkẹ́ béèrè ìrírí. Àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ ni iléèwé Morit wà, tí wọ́n ti ń gba ike omi àti ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò dípò owó iléèwé. African Clean-Up Initiative ló bá wọn ṣètò ẹ̀. Ẹ ti lè rí i nínú ìròyìn, àmọ́ èmi ń rí àwọn ìyá tó ń gbé àpò ike lọ láàárọ̀. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè ọmọ. Ará ilé wa kan tó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ló ń sọ ike sí tẹ́lẹ̀, ní báyìí tó o bá mu omi tán níwájú ẹ̀, ojú ẹ̀ ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún un.

MojíLondon
Ó dára, àmọ́ ó ń kọ mí lóminú. Ṣé kì í ṣe pé a ti sọ ọmọ di ẹni tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn kó tó kàwé? Ọmọ olówó ò ní ṣa ike.

Ẹ̀bùnAjégúnlẹ̀
Àǹtí, ọmọ tí wọ́n lé wálé nítorí owó iléèwé, ibo lẹ rò pé ó ń lọ? Ààtàn kan náà ni. Èyí sàn, ó ń gba ibẹ̀ padà sí kíláàsì.

MojíLondon
Mo gbọ́. Síbẹ̀ ìyá ló yẹ kó ṣà á, kì í ṣe ọmọ.

Ẹ̀bùnAjégúnlẹ̀
Ìyá ni mo sọ! Ẹ tún un kà.

Ṣọlá_Ewé
Ike tó ní iye ló ń kúrò nílẹ̀. Wecyclers ti ń ṣe é l'Ékòó láti 2012: kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù á wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ, wọ́n á wọn ike ẹ, wọ́n á fún ẹ ní máàkì tó o lè fi gba nǹkan. Àmọ́ ọ̀rá omi àti ọ̀rá dúdú ọjà, ta ló fẹ́ rà á? Ìyẹn ló ń dí gọ́tà.

ÌyáẸlẹ́kọ
Ẹ̀yin lẹ dárúkọ ọ̀rá. Àwọn ọmọ kan wá sọ́jà wa, wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ pé ká yé lo ọ̀rá, ká padà sí ewé. Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Mo ní, ewé dà? Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni ewé eéran wà. Wọ́n ti gé igbó yẹn, wọ́n ti tà á fún àwọn tó ń kọ́lé. Ní báyìí, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń ru ewé wá, owó ìdì kan ju ti ọ̀rá tí mo máa lò fún ọjọ́ púpọ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan nínú wọn dákẹ́, ó ní òun á padà wá. Ó padà wá lóòótọ́ o! Ó ti lọ bá àwọn obìnrin abúlé kan sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń gbin ewé sábẹ́ kòkó, ó ní kí àwa ẹlẹ́kọ para pọ̀ rà á lẹ́ẹ̀kan náà kó lè dínwó. Ó dínwó díẹ̀. Mo ń pọ́n ẹ̀kọ mi séwé títí di òní. Ìyẹn nìkan nínú wọn ni mo mọ orúkọ ẹ̀.

TíṣàÀgbà
Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí Àdùkẹ́ lọ wá.

ÀkànbíKétu
Lọ́dọ̀ wa ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ẹ̀, wọ́n ti ṣòfin lòdì sí ọ̀rá láti 2017. Ẹ wá sọ́jà Kétu wa, kẹ́ ẹ wá kí ọ̀rá.

Lánre_Ọ̀ṣun
😂 Òfin wà, ọ̀rá wà. Ní tiwa, igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo ò ní bánà. Èèwọ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Ẹ fi èèwọ̀ sí màńgòrò Tíṣà, ẹ wò ó bóyá ewúrẹ́ á débẹ̀.

Ṣọlá_Ewé
Èèwọ̀ nìkan kọ́, Lánre. Wọ́n ti ń gé igi níbẹ̀ kí Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó ń jẹ́ Susanne Wenger, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tó dìde. Ìjọba ní láti dá sí i, UNESCO sì kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Èèwọ̀ tó lẹ́sẹ̀ ni.

Lánre_Ọ̀ṣun
Odò náà wá ńkọ́? Ó ti di ẹrẹ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè lọ́hùn-ún. Èèwọ̀ ò dé ọ̀dọ̀ wọn, UNESCO ò dé ọ̀dọ̀ wọn.

ỌmọOlúmọ
Èmi kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí Lekki Conservation Centre, ibi tí wọ́n ti ń dáàbò bo igbó àti ẹranko l'Ékòó. Mo rò pé afárá orí igi yẹn, tó gùn ní mítà 401, ni wọ́n máa sọ̀rọ̀ ẹ̀. Rárá o. Ọmọ kan bi afinimọ̀nà pé ta ló ń bọ́ àwọn ọ̀bọ, ọkùnrin náà ní igbó ló ń bọ́ wọn. Ọmọ yìí ní: "Wọn ò sì sanwó ilé?" 😂 Ṣùgbọ́n ìyẹn ló wá béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́yìn náà pé ta ló ni igi tó wà níwájú iléèwé wa, ṣé wọn ò ní gé e.

Àdùkẹ́Bódìjà
Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní oṣù Kẹfà ni àwọn ń gbìn. Ta ló ń ṣọ́ ọ? Wọ́n ní "àdúgbò."

TíṣàÀgbà
Àdúgbò lórúkọ? Kí wọ́n dárúkọ ẹni kan.

ÌyáÌbejì
Ẹ gbin dóńgóyárò, ẹ jàre. Ó korò, ewúrẹ́ mi kì í sáré lọ sídìí ẹ̀.

Kólápọ̀L
Kí àwọn ọmọ wá jẹ kí ni lórí ẹ̀? Àgbálùmọ̀ ni kí wọ́n gbìn. Ọmọ á padà lọ wo ohun tó máa jẹ.

ÀgbàÌbàdàn
Àgbálùmọ̀! Kó tó so, ọmọ yẹn á ti lọ́kọ.

Ẹ̀bùnAjégúnlẹ̀
ÌyáẸlẹ́kọ, ẹ jọ̀ọ́, ewé yẹn, ṣé ẹ lè bá mi rà á fún mọ́ínmọ́ín? Ti inú ọ̀rá ti sú mi.

Lánre_Ọ̀ṣun
Inú agolo ló dùn jù.

ÌyáẸlẹ́kọ
Agolo kẹ̀? Ta ni ìyá tó bí ẹ?