Àwọ̀ ọmọ yí padà lábẹ́ iná ibà pọ́njú: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa rí

Ìyá Àkọ́bí, Ìbàdàn:
Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ iná lónìí, tó wá rí i pé àwọ̀ ọmọ ń yí, òun ni mo ń kọ èyí fún.

Oṣù àkọ́bí mi kò pé tí mo fi bí i. Ibà pọ́njú mú un, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n bọ́ ọ sí ìlédìí nìkan, wọ́n bo ojú rẹ̀, wọ́n tan iná búlúù lé e lórí. Nígbà tó ṣe, mo rí i pé iwájú orí rẹ̀ ń ṣú, lẹ́yìn náà àyà rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo ara. Kì í ṣe dúdú tí ọmọ máa ń dú tó bá ń gbé àwọ̀ bàbá rẹ̀ wọ̀ o. Ó ṣú bíi kọ́bọ̀ àtijọ́ tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ àpótí. Ìtọ̀ tó wà lára ìlédìí náà ṣú. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré, nígbà tó tòrò, omi tó lé sókè kò mọ́ gaara rárá.

Ìyá ọkọ mi figbe ta: “Ẹ gbà mí o, wọ́n ti fi iná yan ọmọ mi!” Ó ní ká gbé ọmọ wálé, òun á máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní: “Màmá, ẹ fọwọ́ kàn án. Kò bó, kò lé ròrò. Iná kò jó o. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ́ra.”

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Bilirúbìn ni ohun tó ń mú kí ojú àti ara ọmọ pọ́n, oríṣi rẹ̀ méjì ló wà nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ẹ̀dọ̀ kò tíì fọwọ́ kàn ló lè wọ ọpọlọ ọmọ, òun ni iná ń sọ di ohun tí ara lè tú dànù. Èkejì, ẹ̀dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ó yẹ kó bá omi òróòro ṣàn lọ sínú ìfun. Bí òróòro kò bá ṣàn dáadáa, tí ọmọ sì wà lábẹ́ iná, ohun tí ìmọ́lẹ̀ ti yí padà á máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ á sì ṣú. Ọdún 1972 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa rẹ̀, bronze baby syndrome ni wọ́n pè é, ìyẹn àìsàn ọmọ aláwọ̀ idẹ.

Wọn kò pa iná náà. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò léraléra, wọ́n sì wá ohun tó ń da ẹ̀dọ̀ láàmú, ó já sí àkóràn inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n tọ́jú ìyẹn náà. Nígbà tí bilirúbìn wálẹ̀ ni wọ́n gbé e kúrò. Àwọ̀ yẹn kò lọ lójú ẹsẹ̀ o, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣí, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ara rẹ̀ ti mọ́ pátápátá báyìí.

Bàbá Ọmọ, London:
Tiwa náà dú lábẹ́ iná, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ti Ìyá Àkọ́bí. Ibi tí ìlédìí bò mọ́lẹ̀ mọ́ ju ibi tó kù lọ. Wọ́n yẹ oríṣi bilirúbìn kejì yẹn wò, kò pọ̀. Nọ́ọ̀sì ní iná lè mú kí awọ aláwọ̀ dúdú ṣú sí i, pé á padà sípò. Ó sì padà.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọmọ kúrò lábẹ́ iná láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ gbé e. Wọ́n gbé ọmọ àbúrò ọkọ mi sá nítorí pé ìgbẹ́ rẹ̀ ṣàn, ó sì ní àwọ̀ ewé. Ìgbẹ́ ṣíṣàn yẹn, iná máa ń fà á, ọmú ló yẹ kí wọ́n fún un sí i. Agbo ni wọ́n fún un nílé. Ibà náà wọ ọpọlọ. Ọmọ yẹn ti dàgbà, kò gbọ́ràn títí di òní. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i.

Nọ́ọ̀sì ọmọ tuntun, Èkó:
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Lórí ọ̀rọ̀ oòrùn àárọ̀ tí Màmá sọ, oòrùn ni ìtọ́jú yìí ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ní ọdún 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Sister Ward máa ń gbé ọmọ síta. Ara ọmọ kan mọ́, àfi ibi tí etí aṣọ bò, ìyẹn ṣì pọ́n. Láti ibẹ̀ ni Dókítà Cremer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe iná, wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1958. Ṣùgbọ́n oòrùn lásán lẹ́nu ọ̀nà kò tó, ó sì lè jó ọmọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Island Maternity níhìn-ín, tó jáde ní 2015, abẹ́ ọ̀rá pàtàkì tó ń sẹ́ ìtànṣán burúkú kúrò ni wọ́n tẹ́ ọmọ sí, nọ́ọ̀sì sì ń ṣọ́ wọn.

Ẹ yọ káńfọ̀ kúrò nínú aṣọ ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni G6PD wọn, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò pé, káńfọ̀ máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, ibà pọ́njú á sì ru sókè. Bí ìgbẹ́ ọmọ bá funfun bí ẹfun, tàbí tí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 14, ẹ gbé e padà wá kíákíá. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà òróòro ló dí, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kì í dúró deni.

Ìyá Àkọ́bí, Ìbàdàn:
Ẹnì kan bi mí ní ìkọ̀kọ̀ pé ìpara wo ni mo fi bó àwọ̀ náà. N kò fi nǹkan kan pa á. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọ̀ yẹn ti wá, ìpara kò lè dé ibẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ọmọ ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́, mo sì ń fún un lọ́mú.