Ta ló ń gbè fún ta? Lórí orúkọ tí a fẹ́ fún sònátà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "orin gòjé tí dùrù ń gbè" fún sònátà (orin tóhun-èlò ń dún, tẹ́nu kì í kọ) tí Richard Strauss, olùdá-orin ará Jámánì, kọ fún fáólìnì àti píánò ní 1887, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 23. Dùrù kò bí mi nínú. Ìwé Sáàmù ń fi pe háàpù, ṣọ́ọ̀ṣì ń fi pe ọ́gàànù. Kí píánò náà máa jẹ́ ẹ, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Gòjé ni kò wọlé. Olókùn kan ni, ọwọ́ onísákárà la ti mọ̀ ọ́n. Okùn mẹ́rin ni fáólìnì ní, èjìká ni wọ́n sì ń gbé e lé. Ẹ dárúkọ gòjé létí bàbá mi, Yusuf Olatunji lọkàn wọn máa lọ bá, kì í ṣe ará Jámánì kankan.

Àmọ́ "gbè" yẹn gan-an lẹjọ́ mi. Ẹni tó ń gbè a máa dúró de ẹni tó ń lé. Ẹ tẹ́tí sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Strauss yìí: dùrù ló kọ́kọ́ dún, gàgàrà bí ẹni ń fọn kàkàkí, kí fáólìnì tó rọra yọ wọlé. Títí dópin, atẹdùrù kò ráyè sinmi. Ègbè wo nìyẹn? Bí ègbè bá tilẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ sònátà, fáólìnì ló kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tí wọ́n tẹ àwọn sònátà àkọ́kọ́ tí Mozart, olùdá-orin bíi Strauss, kọ ní Paris lọ́dún 1764, tó ṣì jẹ́ ọmọdé, ohun tí wọ́n kọ sójú ìwé àkọ́kọ́ ni pé ti dùrù ayé ìgbà náà ni, pé èèyàn lè fi fáólìnì gbè é. Ó lè fi gbè é, ó sì lè má fi gbè é!

Ẹlòmíràn ní "sònátà fún fáólìnì àti dùrù". Gẹ̀ẹ́sì ló wọ agbádá yẹn. Ta ni wọ́n fẹ́ fi sònátà ta lọ́rẹ? Ìlù bàtá là ń wí, kì í ṣe "ìlù fún bàtá". Sònátà fáólìnì òun dùrù: ó parí.

Ẹ jẹ́ ká fi "sònátà" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu àwọn ará Ítálì tó ni ín, èyí tẹ́nu ń kọ ni kàntátà, èyí tóhun-èlò ń dún ni sònátà; "orin" tiwa kò ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ibi tó ṣì dí mi lọ́wọ́ rèé: a ń tẹ dùrù, a ń fọn fèrè, a ń ta gìtá. Fáólìnì ńkọ́? "Ta" lèmi máa ń sọ, ṣùgbọ́n ìka ló ń ta okùn, ọ̀pá onírun ẹṣin ni wọ́n ń fà lórí tèyí. Ẹ bá mi dá sí i.