"Ipò" tàbí "ojúṣe": kí ni à ń wò lára agbábọ́ọ̀lù tó ń jáde ní yunifásítì?

Níbi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún "position" nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n (basketball), ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a máa lo "ipò" fún ibi tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ti ń ṣeré, wọ́n sì fi gbólóhùn kan ṣe àpẹẹrẹ: "Ipò wo ló bá ọmọ yìí mu jù lẹ́yìn yunifásítì?" Àbá náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé a rí i nínú "dípò" àti "rọ́pò" pé ibi tí nǹkan wà ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Síbẹ̀, mo bẹ̀ wá pé kí a má tíì gbà á wọlé, torí pé bí nọ́ńbà bá ti tẹ̀ lé "ipò", ohun tí etí Yorùbá ń gbọ́ ni ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e, nínú eré yìí gan-an ni ìyẹn yóò sì ti da ọ̀rọ̀ rú jù.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ Victor Oladipo yẹ̀ wò, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣeré fún Yunifásítì Indiana, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó ga jù ní Amẹ́ríkà, sì ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní 2013, òun ni ẹnì kejì tí wọ́n mú, Orlando Magic ló sì mú un. Àwọn tó mọ eré náà dunjú ti fi nọ́ńbà 1 dé 5 pe iṣẹ́ àwọn márààrún tó wà lórí pápá: ẹni 1 ló ń gbé bọ́ọ̀lù wọ ilẹ̀ alátakò tó sì ń pín in, ẹni 2 ló ń jù ú láti ọ̀nà jíjìn tàbí kí ó sáré já wọlé, títí dé orí ẹni 5, òmìrán tó ń dúró nítòsí àwọ̀n. Ẹni 2 ni Oladipo ní Indiana. Bí mo bá wá kọ ọ́ pé "ipò kejì ni ó wà", ṣé bí wọ́n ṣe yàn án ni mo ń sọ ni, àbí iṣẹ́ tó ń ṣe? Òǹkàwé kò ní mọ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé Orlando gbé e láti 2 sí 1 ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀; "láti ipò kejì sí ipò kìíní" yóò dún bí ìgbéga, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ní yunifásítì ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Ó sì nídìí tí wọ́n fi gbìyànjú rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 4 ni gíga rẹ̀, ìyẹn ga dáadáa fún ẹni 1, ṣùgbọ́n àwọn ẹni 2 tó ga jù ú lọ pọ̀ ní NBA. Lọ́dún náà, bọ́ọ̀lù tó pín tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ fi jẹ ayò jẹ́ 4.1 nínú eré kan, èyí tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 3.2, iye tó pọ̀ jù fún ẹni tí a fi bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́. Nígbà tí Elfrid Payton, tí òun gan-an jẹ́ ẹni 1, dé sí Orlando ní 2014, Oladipo padà sí iṣẹ́ ẹni 2. Ní sáà 2017–18, ní Indiana Pacers, ẹgbẹ́ NBA mìíràn, ó jẹ ayò 23.1 nínú eré kan, kò sì sí ẹni tó já bọ́ọ̀lù gbà tó o ní gbogbo NBA. Darren Collison ni wọ́n ń pè ní ẹni 1 ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n bí eré bá le, ọwọ́ Oladipo ni bọ́ọ̀lù máa ń wà.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ojúṣe". Ẹnìkan ti sọ pé ojúṣe ọmọ sí òbí tàbí ti ará ìlú sí ìlú ni a mọ̀, pé ọ̀rọ̀ ìwà ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n agbára ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹni méjì lè pín ojúṣe kan ṣe, bí Collison àti Oladipo ti ṣe, nígbà tí ipò kan kì í gba ẹni méjì. "Ojúṣe kejì" kò sì lè túmọ̀ sí ẹnì kejì tí wọ́n yàn.

Ní ti "atamátàsé" fún ẹni 2 àti "òpómúléró" fún ẹni 5, tí àwọn kan tún dábàá, mo fẹ́ràn ìró wọn púpọ̀, ṣùgbọ́n oríkì ni wọ́n. Ẹni 2 tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í wọlé ṣì jẹ́ ẹni 2. Bam Adebayo, tí Miami Heat yàn láti Kentucky ní 2017, jẹ́ ẹni 5, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù tó pín tó di ayò ní sáà 2019–20 jẹ́ 5.1 nínú eré kan, ó ju ti Oladipo nígbà tí a fi ṣe ẹni 1 lọ. "Òpómúléró" yóò bo iṣẹ́ yẹn mọ́lẹ̀. "Adarí eré" fún ẹni 1 ni mo fara mọ́, nítorí iṣẹ́ ni ó dárúkọ.

Ìtumọ̀ tí mo fi síwájú yín nìyí: ojúṣe tó bá agbábọ́ọ̀lù mu jù ni iṣẹ́ tó lè ṣe fún ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ wọn, tó sì tún lè dí alátakò tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sọ́wọ́ tiwọn. Kí ẹ̀yin tó ń ka ìròyìn eré ìdárayá lórí rédíò bá wa dán an wò lẹ́nu, kí a mọ̀ bóyá ó gùn jù.